Ògiri Yàrá Màmá Ti Bu

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kì í ba ilé jẹ́, ẹ ní kó wá bi mí. Ìfẹ́ ni mo fi ba yàrá ìyá mi jẹ́. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe ìkórìíra, ìfẹ́ gidi ni. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín, nítorí títí di òní, mi ò tíì mọ ibi tó yẹ kí n ti yà.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán, nínú pálọ̀ ilé wa, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti òkìtì síkẹ́ẹ̀tì tí kì í tán. Èmi àti màmá mi nìkan la jọ ń gbé látìgbà tí bàbá ti kú. Nọ́ọ̀sì ni màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é, àwọn ará àdúgbò ò sì yéé pè é ní Nọ́ọ̀sì Àgbà. Tẹ́ ẹ bá wọ ilé wa láìfọwọ́, ẹ ti kó sí wàhálà nìyẹn.

Ṣòkòtò iṣẹ́ ló gbé ọkùnrin tí mo wá fẹ́ràn wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ló máa ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Atẹ́gùn. Ó tẹ́ ṣòkòtò sórí tábìlì mi, orúnkún méjèèjì ti ya.

"Àdúrà lẹ̀ ń gbà ni, àbí obìnrin lẹ̀ ń bẹ̀?" mo bi í.

"Àkàbà ni," ó ní. "Obìnrin tí màá máa bẹ̀ ò tíì sí."

"Ẹ má kánjú. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń sọ. Ó tún gbé òmíràn wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gbé òmíràn wá lọ́sẹ̀ kẹta. Nígbà kẹrin, mo yẹ ṣòkòtò náà wò lókè nílẹ̀, kò ya níbì kankan.

"Kí ni kí n rán níbí?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Ohun tó o bá rí."

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀, tó wá ń tijú bí ìyàwó tuntun. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi fò lọ, mi ò sì rí i mú pa dà mọ́.

Nígbà tí màmá gbọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Tí màmá bá ti bọ́ awò ojú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Ẹni tó ń gun ògiri kiri bí aláǹgbá?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ni, Màmá. Èmi náà, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe?"

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì máa jókòó síbi iṣẹ́."

"Mo ń jókòó síbi iṣẹ́, mà. Mo jókòó débi pé ẹ̀yìn ń dùn mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo sáré tọ àbúrò rẹ̀ lọ, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Alárinà nítorí pé kò sí ìgbéyàwó kan nínú ẹbí wa tí kì í tọwọ́ bọ̀. Àǹtí gbọ́ mi tán, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu," ó ní. "Ooru ló sì ń dà á láàmú lọ́sàn-án, kì í rí oorun sùn. Sọ fún ọkọ rẹ kó mú yàrá ìyá rẹ tutù. Tí ara rẹ̀ bá tutù, ọkàn rẹ̀ á tẹ̀lé e."

Bí Ọ̀gá Atẹ́gùn ṣe gbé ẹ̀rọ amúlétutù kan wá nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló fi kàn án mọ́ ògiri yàrá màmá, lókè kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, màmá sùn fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó jí, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Ọmọkùnrin yẹn," ó ní, "ta ni bàbá rẹ̀?"

Mo sáré wọ ilé ìdáná lọ jó. Mo jó, mo fọwọ́ bo ẹnu.

Àmọ́ adùn kì í pẹ́ nílé wa. Omi tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà máa ń gba inú páìpù kékeré kan bọ́ síta, orí páànù tó bo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló sì ń kán sí, lábẹ́ fèrèsé màmá gan-an. Tó, tó, tó, láti aago kan ọ̀sán títí di aago mẹ́rin.

"Ṣé o ń gbọ́ ọ?" màmá á ní. "Bí ẹni tó ń ka ọjọ́ orí mi fún mi."

"Omi ni, Màmá. Ó gbọ́dọ̀ jáde ni."

"Kó jáde, kó má pariwo. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á ti ronú kan ìyẹn. Ẹni tí kò lè bá páìpù sọ̀rọ̀ kó gbọ́, ṣé ayé ọmọ mi ni yóò wá tún ṣe?"

Mo pe Ọ̀gá Atẹ́gùn lórí fóònù. Ó wà ní ìlú mìíràn, ó ń tún ẹ̀rọ òtẹ́ẹ̀lì kan ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò lò níbẹ̀. "Màá gbé páìpù náà gba ibòmíràn tí mo bá dé," ó ní. "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣe sùúrù."

Màmá mi àti sùúrù! Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá ti ní aago méjì ni abẹ́rẹ́, kò sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú kan. Ní ojoojúmọ́ ló ń gbé ìrọ̀rí rẹ̀ jáde sí pálọ̀, tí yóò dúró síwájú mi, tí kò ní sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ. Ó ní òun máa pe Àǹtí Alárinà kó dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣé páìpù lásán ló fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi?

Nígbà tí màmá lọ sí ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, mo gbé tábìlì iṣẹ́ mi lọ sẹ́yìn ilé, mo gbé àga lé e, mo sì gùn ún. Èmi tí mi ò lè gun àga láti yí gílóòbù! Mo ń pe Ọlọ́run lórúkọ tí mi ò mọ̀ pé mo mọ̀. Mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ẹnu páìpù náà, mo fi rọ́bà tí mo fi ń ṣe ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì wé e nígbà mẹ́rin, mo fà á le. Mo dúró, mo tẹ́tí. Kò kán mọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Pé omi ọ̀hún máa wá ibòmíràn gbà, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Màmá dé, ó sùn, ó jí. "Kò kán mọ́," ó ní.

Irọ́ tó tẹ̀lé e dùn lẹ́nu mi bí ọ̀rọ̀ gidi. "Ó wá tún un ṣe nígbà tẹ́ ẹ jáde, mà. Ó ti pa dà."

"Ó rin gbogbo ọ̀nà yẹn nítorí oorun mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Sọ fún àǹtí rẹ kí wọ́n mú ọjọ́ wá."

Nígbà tí Ọ̀gá Atẹ́gùn dé láti ìrìn àjò, màmá dìde fún un. "Ọmọ mi, o ṣeun, o ṣeun gan-an ni." Ọkùnrin náà wò mí, mo ṣẹ́jú sí i. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́, mà." Níta, ó fà mí lápá.

"Kí ni mo ṣe?"

"O tún páìpù ṣe. Má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la." Ọ̀la yẹn kò dé. Iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, a wà nínú ìdùnnú débi pé kò sẹ́ni tó rántí páìpù mọ́.

Ìkọ́ ló kọ́kọ́ mú màmá. Màmá ní eruku ni, ó ti gbogbo fèrèsé pa, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan dé, bí òórùn bàtà tí òjò pa. Màmá fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òórùn ò lọ. Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ìkọ́ ọ̀hún ti wọ àyà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹbí méjèèjì jókòó, a fẹ́ kun yàrá rẹ̀. Èmi àti màmá fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ọwọ́ mi wọ inú pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti rọ̀. Ògiri náà ti bu látòkè délẹ̀. Èbu ti bò ó, ó dúdú, ó ní àwọ̀ ewé, níbòmíràn ó ti hu irun funfun bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé. Ọ̀dà ti wú kúrò lára ògiri. Àwọn aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tí màmá tọ́jú síbẹ̀ ti kún fún àmì dúdú.

Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá lè fara dà á. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Nínú yàrá mi," ó ní. "Èmi tí mo máa ń fi ìka yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń mí èyí símú." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, kò lè dá a dúró.

Ọ̀gá Atẹ́gùn dé kí n tó pè é tán. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó wo ẹ̀rọ, ó gbé àkàbà lọ síta. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kó tó dé òkè ni mo ti mọ ohun tó máa rí. Ó dúró pẹ́ lórí àkàbà náà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó di nǹkan kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì fi í sínú àpò. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kọjá lára mi.

"Kí ló fà á?" màmá bi í.

"Páìpù ló dí, mà. Omi ò ríbi gbà, ó pa dà sínú ògiri."

"Ta ló dí i?"

Mo la ẹnu. Ó yára jù mí lọ.

"Àṣìṣe tèmi ni, mà. Nígbà tí mo wá tún un ṣe."

Mo dákẹ́. Ẹ lè bú mi. Mo ti bú ara mi tán kẹ́ ẹ tó dé.

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, gbé àkàbà rẹ. Má tún tẹ ilé mi mọ́." Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní kí màmá kúrò nínú yàrá náà, ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Ó ní àyà náà á rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó lè má pa dà rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ́gi lé ìjókòó ẹbí.

Mo lọ bá Ọ̀gá Atẹ́gùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, kò gbójú sókè.

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?" mo ní.

"Rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì lo fi wé e," ó ní. "O gun òkè. Ìwọ."

"Mo ní kí ló dé tó o fi gbà á sọ́rùn?"

"Ìyá rẹ ni. Ìwọ lo ń bá a gbé. Tó bá kórìíra mi, màá ṣì máa jẹun. Tó bá kórìíra rẹ ńkọ́?" Ó wá wò mí. "Mo sì sọ pé màá yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Fún mi ní rọ́bà yẹn. Màá gbé e lọ fún wọn báyìí."

"Mo ti sun ún."

"O ti kí ni?"

"Kí wọ́n má bàa rí i. Pẹ̀lú ọ̀rá yẹn."

Mo kó èébú bò ó. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀, mo pè é ní olórí kunkun, mo sì ń sunkún. Ó jẹ́ kí n bú u tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fún mi ní omi mu. Mo tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ojú mi rí màbo lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi bílíìṣì fọ ògiri náà títí awọ ìka mi fi bó. Ó mọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó tún ti bu. Mo fọ̀ ọ́, mo kùn ún lọ́dà. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó gba inú ọ̀dà jáde. Mo pe Ọ̀gá Atẹ́gùn ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní kí n má kùn ún mọ́, omi ṣì wà nínú ògiri. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ họ sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ kúrò dé bíríkì, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tèmi ni.

"Ta ló kọ́ ọ?" ó ní. "Òun ni, àbí? Sọ fún un pé mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀."

Yàrá mi ni màmá ń sùn báyìí. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń súfèé nígbà tó bá ń sun oorun ọ̀sán, èmi sì jókòó sídìí ẹ̀rọ, mi ò lè rán nǹkan kan. Tí mo bá sọ ọ́, ìyá mi á mọ̀ pé ọmọ inú òun ló ṣe òun báyìí. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọkùnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni á máa ru ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri àdúgbò. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, kò sí ibi tí kò gún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí màmá ń mu tíì, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo dí páìpù yẹn. Ọ̀gá Atẹ́gùn ò wá lọ́jọ́ náà. Mo parọ́ fún yín. Ọ̀rá àti rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì ni mo fi dí i, kó lè má pariwo mọ́ yín létí."

Màmá gbé ife kalẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ìwọ lo gun òkè?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bá ọ yí gílóòbù pálọ̀?"

"Mo gbé àga lé orí tábìlì, mà."

"Rọ́bà ọ̀hún dà?"

"Ó... ó ti sun ún, mà."

"Ó ti sun ún." Màmá wá mi orí. "Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo bí ọ. Ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú mi, ìwọ wá fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀? Ṣé òun ló kọ́ ọ kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò kọ́ mi, mà! Ọlọ́run ń gbọ́, òtítọ́ ni!"

"Má fi Ọlọ́run búra nítorí ọkùnrin," ó ní, ìkọ́ sì gbé e.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Alárinà. Àǹtí gbọ́ mi tán, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ìfẹ́ rèé o! Irú èyí ṣọ̀wọ́n." Òun náà ò gbà mí gbọ́! Ó tiẹ̀ ń nu omijé. Mo fẹ́ fi orí sọ ògiri.

Àǹtí kan náà ló ń lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó mú èsì wá. Ó ní màmá ti gbà. Màmá ní tó bá jẹ́ pé ìfẹ́ wa pọ̀ débi tí mo fi lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà rù, òun ò ní dínà mọ́. Àmọ́ ohun méjì ni òun fẹ́. Kí ọkùnrin náà wá bẹ òun níwájú ẹbí méjèèjì, kó sì wá họ ògiri náà fúnra rẹ̀ kó tún un ṣe. Ìkejì, kí èmi kó irọ́ mi jẹ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè fi ọmọ tó ń parọ́ fún ọkọ," Àǹtí ní.

"Àǹtí, mi ò parọ́."

"Ṣó o fẹ́ lọ́kọ, àbí o ò fẹ́?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Ọ̀gá Atẹ́gùn. Ó ní, "Ògiri yẹn ò lè dúró mọ́. Ó ń pa wọ́n lára. Jẹ́ kí n wọlé kí n tún un ṣe."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n jókòó. A ti fa ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí igun pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Atẹ́gùn wá, àbúrò bàbá mi wá, Àǹtí Alárinà jókòó sáàárín bí olórí ìjọba. Ọ̀gá Atẹ́gùn dìde, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá.

"Màmá, àìfarabalẹ̀ mi ni mo fi ba yàrá yín jẹ́. Mo fi ba àlàáfíà yín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Màmá jẹ́ kó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń fa èémí.

"Mo ti forí jì ọ́," ó ní. Gbogbo ilé ní ẹ kú sùúrù, ẹ kú sùúrù. Ó wá yíjú sí mi. "Ó ku ìwọ."

Mo wo Ọ̀gá Atẹ́gùn. Mò ń retí kó mi orí pé rárá. Kò mi í. Àǹtí ń fi ojú bẹ̀ mí. Nínú yàrá, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a tì, ògiri ń dúró dè wá. Mo wá ọ̀rọ̀ kẹta tí mo lè sọ, mi ò rí i. Mo kúnlẹ̀ síwájú màmá.

"Irọ́ ni mo pa, Màmá," mo ní. "Òun ló dí i."

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Àǹtí pàtẹ́wọ́. Màmá fà mí mọ́ra, ó fi orí mi lé àyà rẹ̀, mo ń gbọ́ èémí tó ń súfèé níbẹ̀. Ó ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́.

"Ṣé o rí i," ó ní, "bí òtítọ́ ṣe rọrùn tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo dá a lóhùn.